Tàkìtì Lórí Ilẹ̀ Yíyọ̀

Òjò ti dá kí n tó kúrò ní Pọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tíì gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nígbà òjò mọ ohun tí mò ń wí. Amọ̀ dúdú ni. Tó bá ti rin, á fà bí ilá, á yọ̀ bí ọṣẹ, á sì gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn bí olówó tó wá gba gbèsè. Kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì tó gba Pọ́bẹ̀ lọ sí Kétu, tí òjò bá ti wọlé dé, ẹni tó wà ní Onígbólò di ará Onígbólò títí ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Àwọn àgbà a máa fi amọ̀ yìí yangàn. Wọ́n ní nígbà tí Ọ̀họ̀rí kọ̀ fún ìjọba Faransé ní 1914 sí 1915, ṣójà tó wọ bàtà kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, àmọ́ onílé tí kò wọ nǹkan kan mọ̀ ọ́n.

Onízẹmijan tó fi alùpùpù gbé mi já mi sílẹ̀ níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó wá kó sìmẹ́ńtì tò sí. Ẹni tí kò dé Onígbólò rí, sìmẹ́ńtì ló fi mọ̀ ọ́n. Òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, òun ni Benin àti Nàìjíríà rí tí wọ́n fi pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀, tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1980 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Awakọ̀ kan na ẹní sábẹ́ ọkọ̀, ó ń sùn. Òmíràn ń gé èékánná. Àwọn obìnrin tó ń ta ìrẹsì oníẹ̀wà tí à ń pè ní àtàṣì yí wọn ká, ìgò epo kpayo sì tò sẹ́bàá títì bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Lókè, ewé igi funfun. Nílẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú.

Abẹ́ agboòrùn kan níbẹ̀ ni mo dúró sí láti ra omi. Obìnrin tó ń tà á ṣí kúlà, ó fa yìnyín kan yọ, èyí tó dì sínú ọ̀rá gígùn, tí àwa ní apá ibí ń pè ní gláàsì nítorí pé ọ̀dọ̀ Faransé la ti gba orúkọ rẹ̀. Ó ya ọ̀rá náà, ó gbé yìnyín lé pákó tí omi ti rin, ó wá òòlù láti fọ́ ọ. Kó tó gbé ọwọ́ sókè, yìnyín ti gbéra. Ó yọ̀ láti etí pákó kan dé èkejì, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Obìnrin náà dá a padà. Ó tún lọ.

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń jó," ló wí fún mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì fọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìnyín gan-an ló gbé mi wá láti Àjàṣẹ́. Fídíò kan wà nínú fóònù mi tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ: ìlú Nagano ní Japan, ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 1998. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù tó ń dán ló wà nínú rẹ̀. Mo ti ṣèlérí pé màá fi han ọmọ-ọmọ àǹtí mi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá tí ìyá-ìyá rẹ̀ máa ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹjọ́ kan náà ni nígbà gbogbo. Ọmọ náà kì í rìn, ó ń tàkìtì ni.

Láti títì dé agbo ilé àǹtí mi, ẹsẹ̀ ni. Mo bọ́ bàtà, mo fi okùn rẹ̀ kọ́ ọrùn, mo ká ṣòkòtò dé orókún. Ní ẹ̀yìn oko àgbàdo kan, ọ̀nà náà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti bá àwọn ọmọdékùnrin bíi mẹ́fà tí wọ́n sọ ọ̀nà di pápá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ọ̀kan á sáré láti orí ilẹ̀ tó le, tó bá dé ibi tí omi ti fọ amọ̀ dán, á dá ẹsẹ̀ dúró, á kọ ẹ̀gbẹ́ síwájú, á na ọwọ́ méjèèjì, á sì máa lọ. Kò gbé ẹsẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ló ń gbé e. Èyí tó kéré jù nínú wọn ṣubú nígbà mẹ́ta lójú mi, ó sì dìde nígbà mẹ́ta pẹ̀lú ìdí dúdú. Èyí tó dàgbà jù, tó gùn tó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́, gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lọ, ó tẹ̀ sí apá òsì, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ ìlà kan tó tẹ̀ bí dòjé sórí amọ̀.

Mo wo ìlà yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí àwọn eléré orí yìnyín ń fi gbogbo ayé wọn kọ́ náà nìyẹn. Irin tó wà lábẹ́ bàtà wọn kò nípọn tó mílímítà márùn-ún, wọ́n sì gbẹ́ ihò gbọọrọ sí i láàárín, tí etí rẹ̀ fi di méjì: ti inú àti ti ìta. Ẹni tó bá dúró lórí etí méjèèjì pọ̀, ọmọ kíkọ́ ni. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fara tẹ̀ sórí etí kan, kí ìlà tó ń fà lẹ́yìn sì máa tẹ̀ lọ láìgún. Orí etí ni yóò ti fò, orí etí náà ni yóò sọ̀ kalẹ̀ sí, ẹ̀yìn ni yóò sì máa lọ nígbà tó bá sọ̀. Pápá wọn gùn tó ọgọ́ta mítà, ó fẹ̀ tó ọgbọ̀n. Adájọ́ mẹ́sàn-án ló ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, tí máàkì tó ga jù sì jẹ́ 6.0. Wọ́n ń pín in sí méjì: ọ̀kan fún agbára àti ìmọ̀ ẹsẹ̀, ọ̀kan fún ẹwà. Ti àkọ́kọ́ kì í dá ìjà púpọ̀ sílẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni ogun.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ẹsẹ̀!" Ọmọ gígùn yẹn ló kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà gbìyànjú láti gba ibi dídán yẹn kọjá. N kò ní sọ bó ṣe rí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ràn mí lọ́wọ́ láti dìde.

Ní agbo ilé, wọ́n pọn omi fún mi láti fi fọ ara. Kí n tó fọ̀ ọ́ tán ni mo rí ọmọ náà. Ó jáde láti ẹ̀yìn àká, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì dà sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ni o, kì í ṣe iwájú. Ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ré kọjá lórí, ó dúró. Yanrìn tí wọ́n kó fún ilé kíkọ́ ló fi ń ṣe orí pápá.

"Ẹ ò rí i!" Àǹtí mi ké láti inú ilé ìdáná. "Mo ti sọ fún un pé ọmọbìnrin kì í tàkìtì. Ọrùn ẹ á dá! Ta ló máa fẹ́ ọlọ́rùn wíwọ́?"

Mo bá a jókòó. Mo sọ fún un pé èmi náà mọ àwọn àgbàlagbà kan tí wọ́n ní obìnrin kì í tàkìtì, pé odidi ayé ni wọ́n fi òfin náà dè. Ó rò pé yẹ̀yẹ́ ni mò ń ṣe. Òtítọ́ ni. Ní 1976, ní Innsbruck, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Terry Kubicka tàkìtì sẹ́yìn lórí yìnyín níbi ìdíje Òlíńpíìkì. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé sọ ọ́ di èèwọ̀ níbi ìdíje, fún ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n ní ó léwu. Tí àǹtí mi bá wà nínú ìgbìmọ̀ wọn, òun ni wọn ì bá fi ṣe alága.

Bàbá onílù darapọ̀ mọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ àǹtí mi ni, ọkùnrin arúgbó tó ti lu ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti Ìtakété, tí ìwé ìjọba ń pè ní Sakété, títí dé Kétu. Orúnkún kò jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́, àmọ́ ìyá ìlù rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó bí ọmọ tó ń sùn. Mo gbé fóònù lé orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi ìgò omi gbé e dúró. Gbogbo wa sún mọ́ ọn. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ wò fún wọn.

Surya Bonaly lorúkọ rẹ̀. Nice, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1973. Claudine ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un. Oṣù mẹ́jọ ló wà nígbà tí tọkọtaya òyìnbó kan, Suzanne àti Georges Bonaly, gbà á tọ́. Àwọn ló sọ ọ́ ní Surya, ọ̀rọ̀ àwọn ará Íńdíà tó túmọ̀ sí oòrùn. Ẹni tí wọ́n fi oòrùn sọ lórúkọ, orí yìnyín ló lọ jẹun. Ìyá tó gbà á tọ́ ń kọ́ni ní eré ìdárayá, èyí ló fi jẹ́ pé kò sí eré tí ọmọ náà kò fọwọ́ kàn. Kó tó di gbajúmọ̀ lórí yìnyín ló ti ń tàkìtì lórí ilẹ̀ gbígbẹ; ní 1986, òun àti àwọn ọmọbìnrin Faransé yòókù gba fàdákà níbi ìdíje àgbáyé fún tàkìtì.

"Ṣé ìyẹn náà ní ìdíje?" Ọmọ náà bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ìyá-ìyá rẹ̀ ní wíwò kan.

Nígbà tó gbájú mọ́ eré orí yìnyín, agbára tàkìtì yẹn ló bá a dé ibẹ̀. Ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́ lágbàáyé ní 1991. Ní ọdún kan náà ló di olúborí ilẹ̀ Yúróòpù, kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1995: ọdún márùn-ún gbáko. Ní ilẹ̀ Faransé, ìgbà mẹ́sàn-án ló gba ipò kìíní, láti 1989 dé 1997. Níbi Òlíńpíìkì Albertville ní 1992, òun ni wọ́n fà kalẹ̀ láti búra lórúkọ gbogbo eléré. Ibẹ̀ náà ló ti gbìyànjú láti yí po lẹ́ẹ̀mẹrin nínú fífò kan ṣoṣo, èyí tí obìnrin kankan kò tíì ṣe níbi ìdíje. Yíyí náà kò pé tán kó tó sọ̀, wọn kò sì kà á sí i. Ipò karùn-ún ló ṣe. Ní Lillehammer ní 1994, ipò kẹrin.

Àwọn oníròyìn kò jẹ́ kó sinmi lórí ibi tó ti wá. Wọ́n tan ìtàn kan kálẹ̀ pé erékùṣù Réunion, lójú òkun, ni wọ́n ti bí i, wọ́n sì ń kọ ọ́ bí ìtàn àlọ́. Nice ni wọ́n ti bí ọmọ o. Ìyá tó lóyún rẹ̀ ló wá láti Réunion. Ṣùgbọ́n dúdú tó wọ ibi tí gbogbo èèyàn ti funfun, wọn kì í gbà pé ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ló ti jáde. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ erékùṣù.

Mo tẹ fídíò náà. Fayolíìnì bẹ̀rẹ̀, orin Vivaldi. Obìnrin aláṣọ búlúù náà ta sẹ́yìn, ó yí ká pápá, ó fò, ó yí po, ó sọ̀. Bàbá onílù kò wo ojú rẹ̀, kò wo aṣọ. Ẹsẹ̀ ló ń wò. Ó fi ìka kan lu itan ara rẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń tẹ̀lé orin. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan, ó mi orí.

"Alágbára ni," ló wí. "Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ ìlù."

Mo dákẹ́. Mo ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ojú tí àwọn adájọ́ fi ń wo awọ ara rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n máa gé máàkì rẹ̀. Mo sì gbé e wá sí Onígbólò, síwájú ọkùnrin dúdú tí kò mọ orúkọ adájọ́ kankan, tí kò rí pápá yìnyín rí, ó sì sọ ohun tí àwọn adájọ́ sọ gẹ́lẹ́: pé ó ń sáré wọ inú fífò, pé láàárín fífò kan sí èkejì kò sí ijó.

Kí ẹ tó bá a jà, ẹ rántí ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìlù ló ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ló ń fèsì. Irin wà lẹ́sẹ̀ oníjó, ó ń dún, nítorí náà kò sí ibi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí. Gbólóhùn kan ni ìyá ìlù á pa, oníjó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ pa á bó ṣe rí, kí ẹsẹ̀ àti ìlù sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ìlù bá dákẹ́ tí irin ṣì ń dún, gbogbo ọjà á pariwo. Wọ́n máa ń jáde ní méjì-méjì, aṣọ kan náà, ère igi kan náà lórí, kí ẹsẹ̀ méjèèjì jọ jẹ́ ọ̀kan. Àwọn ọmọdé ló ń kọ́kọ́ jó, àwọn tó dàgbà ń tẹ̀lé wọn, bí oòrùn ṣe ń rẹlẹ̀ ni ọ̀gá ń jáde. Ẹni tí kò bá kógo já ní kékeré kò ní dé ìrọ̀lẹ́. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni, ti Benin, Nàìjíríà àti Togo pa pọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yí nǹkan kan padà ní ọjà. Àwọn ìyá tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ṣì ni adájọ́. Nítorí tiwọn la ṣe ń jó o.

"Ẹ dá a dúró síbẹ̀," àǹtí mi wí. "Kí ni wọ́n fún un?"

Mo dá fídíò dúró, mo sọ ti 1994 fún un, nítorí òun ló yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó wo ti Nagano. Ìgbà mẹ́ta tẹ̀ léra ni Surya ṣe ipò kejì lágbàáyé. Ní Prague ní 1993, Oksana Baiul, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti Ukraine, ló borí rẹ̀. Ní Birmingham ní 1995, Chen Lu ti Ṣáínà ni. Èyí tó wà láàárín ló dùn ún jù. Japan ni wọ́n ti ṣe é, ọmọ onílé Yuka Sato ló sì ń bá a du ipò. Máàkì wọn dọ́gba. Adájọ́ márùn-ún mú Sato, mẹ́rin mú Surya. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n síbi ìgbàmì-ẹ̀yẹ, Surya kọ̀, kò gun orí pèpéle. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ ló dúró sí. Ọkùnrin kan fà á lọ́wọ́ gòkè. Wọ́n fi fàdákà kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì bọ́ ọ. Gbogbo èrò pariwo lé e lórí. Ẹkún ni ojú rẹ̀.

Àǹtí mi pa òṣé. "Kò dáa," ó wí. Mo rò pé àwọn adájọ́ ló ń bá wí. "Ọmọ náà ni mò ń wí. O ò ní bọ́ nǹkan tí wọ́n fi kọ́ ẹ lọ́rùn lójú àwùjọ. Ilé lo máa gbé e dé, wàá wá jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Ó ronú díẹ̀. "Márùn-ún sí mẹ́rin? Ní ìlú tiẹ̀ ẹni kejì?"

"Ní ìlú ẹ̀."

"Hùn ún."

Mo lo àyè yẹn láti bi bàbá onílù ní ohun tó ti wà nínú mi látàárọ̀. Tí ọmọbìnrin yìí bá ní ẹsẹ̀ tó gbọ́ ìlù, ṣé wọ́n á jẹ́ kó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó wúkọ́. Ọkùnrin ló ń gbé e. Ọkùnrin náà ló ń so ọmú igi mọ́ àyà, tó ń di ìdí ńlá, tó ń wé gèlè, tó ń jó bí obìnrin. Mo ní kò dọ́gba. Ṣé kì í ṣe irú òfin tí wọ́n fi dè Surya náà nìyẹn? Àǹtí mi ló dá mi lóhùn, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè kúrò lára ẹ̀fọ́ tó ń já.

"Àwa la ni ín. Ṣé ẹni tó ni ẹrù náà ló tún máa rù ú?"

N kò rí èsì fọ̀. Ọmọ náà, ní tirẹ̀, kò dà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tẹ́ lọ́rùn.

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé eré òtútù kì í ṣe tiwa. Ọdún 2018 ni àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, ní PyeongChang, obìnrin sì ni gbogbo wọn. Seun Adigun, tó ti sáré fún Nàìjíríà ní London ní 2012, fi pákó kan ọkọ̀ yìnyín sínú gáréèjì ní Houston kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa fi kọ́ṣẹ́, nígbà tí kò sí yìnyín kankan nítòsí. Simidele Adeagbo dojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ, ó fi orí ṣíwájú. Orúkọ Yorùbá méjì tí wọ́n kà jáde níbi tí ìrì dídì ti ń bọ́! Ìyàtọ̀ kan wà o. Ní tiwọn, aago ló ń dájọ́, aago kò sì bìkítà fún ẹwà. Surya ló gba eré tí èèyàn ti ń fi ojú wọn ẹsẹ̀ èèyàn.

Mo tún tẹ fídíò náà. Mo sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ń wò yìí ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún, pé iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ ti já ní 1996, pé ara náà kò tíì padà sí bó ṣe wà. Ipò kẹfà ló wà lẹ́yìn apá àkọ́kọ́ ìdíje náà. Ó mọ̀ pé òun kò ní gba nǹkan kan mọ́, ó sì mọ̀ pé ìdíje òun ìkẹyìn nìyí. Àwọn fífò rẹ̀ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Èèyàn lè rí i bó ṣe ń ronú kó tó fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí orin parí, ó yí, ó ń fi ẹ̀yìn lọ. Ó rọra tẹ orúnkún. Kò sí ọwọ́ tó kan ilẹ̀. Ẹsẹ̀ gòkè, orí wá sí ìsàlẹ̀, aṣọ búlúù di òbìrí kan lójú ọ̀run, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, irin kan, etí kan, ẹ̀yìn ló sì ń lọ bó ṣe sọ̀.

"Yéèèè!" Ọmọ náà fò sókè. Àǹtí mi ju ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Bàbá onílù kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lórí itan.

Ẹsẹ̀ kan yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo fífò tí òfin gbà, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ̀. Ó ṣe èèwọ̀ wọn ní ọ̀nà tí òfin wọn fi ń ṣe ohun tó tọ́. Wọ́n gé máàkì rẹ̀ bó ti yẹ kí wọ́n gé e, ipò kẹwàá ló sì bá kúrò níbẹ̀. Nígbà tí orin dákẹ́, èrò ló kọjú sí. Ẹ̀yìn ló kọ sí àwọn adájọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò díje mọ́ níbi tí wọ́n ti ń búra. Ó di eléré aláfihàn ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń san owó láti wo tàkìtì yẹn gan-an, ó di ọmọ orílẹ̀-èdè náà ní 2004, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé.

"Ṣé ó ṣì jẹ́ èèwọ̀?" Ọmọ náà béèrè.

Mo ní rárá. Ní oṣù kìíní 2024, ọ̀dọ́mọkùnrin Faransé kan, Adam Siao Him Fa, tàkìtì níbi ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní Kaunas. Wọ́n yọ máàkì méjì, ó sì tún gba ipò kìíní. Ní àárín ọdún yẹn, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré náà tú òfin, wọ́n mú èèwọ̀ kúrò. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn Nagano.

"Wọ́n wá bẹ̀ ẹ́?"

Ìbéèrè àǹtí mi nìyẹn. Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ó ṣa ẹ̀fọ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó ń gbọn yanrìn kúrò lára rẹ̀ lẹ́yọ-lẹ́yọ. Ọmọ náà ti wà lórí yanrìn. Ó ń gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ kan sọ̀, ó ń ṣubú, ó ń dìde, kò sì sí ẹni tó bá a wí mọ́, bóyá nítorí pé ojú gbogbo wa wà lára bàbá onílù. Ó ti ká aṣọ kúrò lára ìyá ìlù. Ó fà á sáàárín ẹsẹ̀, ó na awọ rẹ̀ ní ìka, ó gbọ́ ọ.

"Dá a padà síbi tó ti fẹ́ fò," ló wí fún mi. "Pa fayolíìnì yẹn lẹ́nu."

Mo pa á lẹ́nu, mo dá a padà. Surya ń fi ẹ̀yìn bọ̀ láìsí ohùn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Surya tẹ orúnkún, ìlù náà rẹlẹ̀. Ó gbéra. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó sì lu èyí tó fẹ́ kó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ pọ̀, gbì! Surya ṣì wà lókè.

"Tún un ṣe."

Mo dá a padà. Ó tún lù ú. Ó tún yá jù.

"Dúró ná," bàbá wí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó ń pẹ́ lókè ju bí mo ṣe rò lọ."